Bí Àgbẹ̀dẹ Bá Tì, Ọkọ̀ Yóò Dúró

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mu púpọ̀. Ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́ lè ra ọkọ̀ tuntun lónìí kí ó sì gùn ún dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ti pé ọgọ́ta ọdún tí ó sì ń rìn síbẹ̀, kì í ṣe owó nìkan ni ó mú un dúró. Ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe wà níbẹ̀, ilé ìtajà tí a ti ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ tí ọwọ́ náà bá rọ, tí ilé ìtajà náà sì ti ilẹ̀kùn, ọjọ́ náà ni ọkọ̀ náà kú, ì báà ṣe pé ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán bí dígí.

Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí ni ti àwọn oníṣòwò tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́ tí a ṣe ní Ìlú Ọba: Morris, Austin, Hillman, Triumph, Rover, Wolseley, Humber àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ń dín kù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Òmíràn fẹ̀yìn tì láìní àrólé. Òmíràn ta òwò rẹ̀ fún ilé ìtajà tí ó tóbi jù ú lọ. Òmíràn sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ pátápátá, tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ẹkún Òyìnbó ni. Kí Òyìnbó máa sun ún.” Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni nínú àwọn àgbà wa tí kò rántí Morris Minor tí ọ̀gá ilé-ìwé ń gùn lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́? Ta ni kò mọ ọkọ̀ akẹ́rù Bedford tí àwọn káfíńtà wa kan pákó sí lára, tí a sì sọ ní bọ́lẹ̀kájà? Ta ni kò rí Land Rover tí àwọn olóṣèlú gùn wọ ìgbèríko nígbà tí ọ̀nà kò tíì dára? Ohun tí ó pa àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí run ní ọ̀nà wa ni ó ń lépa àwọn tí ó ṣẹ́kù ní ilẹ̀ tí wọ́n ti wá. Èrò tiwa ni pé kì í ṣe ogbó ni. Ìmọ̀ àtiṣe ẹ̀yà ara wọn ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, àwọn tí ń rà á gan-an sì wà lára àwọn tí ń jẹ́ kí ó bọ́.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní 1948 ni a kọ́kọ́ fi Morris Minor han aráyé ní ìpàtẹ ọkọ̀ tí ó wáyé ní Earls Court ní Lọ́ńdọ̀nù. Alec Issigonis, ẹni tí ó tún gbé Mini jáde ní 1959, ni ó ronú rẹ̀ tí ó sì ya àwòrán rẹ̀. Kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, èyí tí wọ́n ti ṣe ti lé ní 1,600,000. Ní 1952, Austin àti Morris para pọ̀ di British Motor Corporation. Ní 1968, wọ́n tún para pọ̀ mọ́ Leyland, ẹni tí ó ti gba Triumph àti Rover sọ́wọ́, orúkọ gbogbo wọn sì di British Leyland. Nígbà tí ó di 1975, gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn débi pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti gba ilé iṣẹ́ náà sí ìkáwọ́ ara rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ṣe ni ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ní 1988 ìjọba tà á fún British Aerospace. Ní 1994 BMW ti ilẹ̀ Jámánì rà á. Ní 2000, BMW fi Rover lé àwọn kan lọ́wọ́ ní pọ́n-ùn 10 péré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, MG Rover wó lulẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ wọn ní Longbridge. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹbí Rootes tí ó ń ṣe Hillman, Humber, Singer àti Sunbeam: ó bọ́ sọ́wọ́ Chrysler ti Amẹ́ríkà ní 1967, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé ní 1978. Ẹni tí ó bá ra ilé nítorí ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í tún ògiri ṣe. Gbogbo ìgbà tí ilé iṣẹ́ bá ti ní olówó tuntun, ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí a kò ṣe mọ́ ni a kọ́kọ́ ń kó dànù.

Nígbà tí ọmọ bá di aláìníbaba, alágbàtọ́ ni í tọ́ ọ. Àwọn oníṣòwò kéékèèké ni ó ṣe alágbàtọ́ fún ọkọ̀ wọ̀nyí. Òmíràn jẹ́ mẹkáníìkì, òmíràn kàn jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ kan ṣáá. Wọ́n ra ẹrù tí ó ṣẹ́kù ní ilé iṣẹ́ àti ní ilé àwọn aṣojú tí ń ta ọkọ̀. Wọ́n kó ẹ́ńjìnnì, gíà, ìlẹ̀kùn, dáínámò àti kabúrétọ̀ jọ sínú àká àgbẹ̀ tàbí ilé ìkẹ́rù ní ẹ̀yìn odi ìlú. Ẹni tí ó bá fi fóònù pè wọ́n yóò bá àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ pé ohun tí ó bá ọkọ̀ ọdún 1955 mu lè má bá ti ọdún 1957 mu, tí yóò sì béèrè nọ́ńbà ọkọ̀ kí ó tó dárúkọ iye owó. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé kankan. Orí ọkùnrin náà ni ó wà.

Kí ni ó wá dé tí àwọn alágbàtọ́ náà fi ń tán lọ? A ti wo ọ̀rọ̀ náà dáradára, ìdí márùn-ún ni a sì rí.

Èkínní, ẹrù àtijọ́ ti ń tán. Ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe kù sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 kò lè wà títí láé. Ohun tí kò bá sí nínú ẹrù yẹn mọ́, àfi kí a tún un ṣe.

Èkejì, títún un ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ká ní oníṣòwò kan fẹ́ kí a ṣe rọ́bà tí ń dí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ Wolseley kan. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe rọ́bà kò ní í dá ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí 20. Ó lè ní àfi bí ó bá ra 500. Bí oníṣòwò náà bá ń ta 25 lọ́dún, 20 ọdún gbáko ni yóò fi tà á tán. Owó rẹ̀ yóò sùn sórí pẹpẹ, rọ́bà náà fúnra rẹ̀ yóò sì ti gbẹ kí ó tó di ọdún kẹwàá. Oníṣòwò wo ni yóò ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì?

Ẹ̀kẹta, jákujàku ti wọ ọjà. Nítorí àtidín owó kù, a ń gbé ẹ̀yà ara jáde tí ó jọ ti àtijọ́ lójú ṣùgbọ́n tí kò jọ ọ́ níṣẹ́. Rọ́bà a là láàárín ọdún méjì. Ohun kékeré tí ń pín iná fún pọ́ọ̀gì a jó lójú ọ̀nà, ọkọ̀ a sì dúró sínú òjò. Páánù tí ó yẹ kí ó wọ ara bọ̀dì wọ́ọ́rọ́wọ́ a ní kí a fi òòlù lù ú kí ó tó gbà. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kì í bínú sí ẹni tí ó ṣe é ní ọ̀nà jíjìn. Oníṣòwò tí ó tà á fún un ni yóò bú. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rere tí ó gba oníṣòwò náà ní ọgbọ̀n ọdún láti kọ́ ṣe ń bàjẹ́ ní ọjọ́ kan.

Ẹ̀kẹrin, àwọn oníbàárà fúnra wọn ń wá ọ̀pọ̀ kiri. Lóde òní, ènìyàn yóò pe àgbàlagbà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí, yóò gba ìmọ̀ràn rẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì lọ ra ohun náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ Morris yàtọ̀ sí Austin, nítorí pé ó fi pọ́n-ùn méjì dín sí i. Ó rò pé òun jèrè. Kò mọ̀ pé òun ti fi pọ́n-ùn méjì ra títì ilẹ̀kùn ẹni tí yóò gba òun ní ìmọ̀ràn lọ́dún tí ń bọ̀. Ibodè pẹ̀lú kún un. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, lẹ́yìn tí Ìlú Ọba ti jáde kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹrù kékeré tí oníṣòwò bá fi ránṣẹ́ sí Faransé tàbí Jámánì ti di ohun tí ó ń gba ìwé aṣọ́bodè, tí owó ibodè sì ń bá a rìn.

Ẹ̀karùn-ún, ọjọ́ ogbó ti dé bá wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó dá òwò yìí sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 ti di arúgbó. Àwọn ọmọ wọn kò fẹ́ jókòó sínú ilé ìkẹ́rù tútù máa ka bóòtù. Àwọn oníbàárà wọn náà ń darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ tí ó sì fẹ́ràn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ tó láti dípò wọn.

Ìdí márààrún wọ̀nyí kò dá ilé ìtajà ńlá sí mọ́ kékeré. Unipart, tí ó jẹ́ ẹ̀ka ẹ̀yà ara British Leyland tẹ́lẹ̀ rí, ni àwọn alábòójútó àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ rà kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà ní 1987. Ní oṣù keje ọdún 2014, Unipart Automotive, tí ó ní ilé ìtajà káàkiri Ìlú Ọba, kógbá wọlé, àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn sì lé ní 1,000. Òtítọ́ ni pé ẹ̀yà ara ọkọ̀ tuntun ni ó pọ̀ jù nínú ọjà rẹ̀ nígbà náà. Síbẹ̀, bí àràbà bá wó lulẹ̀, kí ni kí a wí fún ewé gbòdògì?

A kò fẹ́ ṣe àbùmọ́. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ Ìlú Ọba ni ọ̀ràn náà le fún bákan náà. Ẹni tí ó ní MGB, tàbí Mini, tàbí Morris Minor, tàbí Land Rover, ṣì lè rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí ó ń fẹ́ rà. Ẹni tí ó ní Humber tàbí Austin Maxi ni ó ń rí pupa ojú. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Iye ọkọ̀ tí ó ṣẹ́kù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ní 1975 ni British Leyland dá British Motor Heritage sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ yìí wá àwọn irin bátànì tí a fi ń tẹ páánù MGB rí, ó kó wọn jọ, ó sì tún wọn ṣe. Ní 1988, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí a ti dáwọ́ MGB dúró, ó gbé bọ̀dì MGB tuntun jáde, odindi. Bí ó bá jẹ́ pé a ti ta àwọn irin náà fún àwọn tí ń yọ́ irin, gbogbo owó tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò bá má lè mú bọ̀dì náà padà wá ní ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo Jowett. Ilé iṣẹ́ kékeré ni ní ìlú Bradford, ó sì dáwọ́ ọkọ̀ ṣíṣe dúró ní àárín àwọn ọdún 1950. Bí ó bá jẹ́ pé ogbó àti ọ̀wọ́n ni í pa ọkọ̀, ti Jowett ìbá ti kú tipẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní ọkọ̀ náà para pọ̀, wọ́n dá Jowett Car Spares sílẹ̀ láàárín ara wọn, ilé òwò náà sì ń tọ́jú ẹ̀yà ara, ó ń mú kí a tún wọn ṣe, ó sì ń tà wọ́n fún ọmọ ẹgbẹ́. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni í jẹ wọ́n níyà. Àwọn onímọ́tò Jowett kọ́wọ̀ọ́ rìn, ìyà kò sì jẹ wọ́n.

Ilẹ̀ Íńdíà ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gba àṣẹ àti irin iṣẹ́ láti máa ṣe ọkọ̀ Morris Oxford lọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n pè é ní Hindustan Ambassador, wọ́n sì ń ṣe é ní Uttarpara nítòsí Calcutta láti ìparí àwọn ọdún 1950 títí di 2014. Ẹ gbọ́ ná: ọkọ̀ tí ẹni tí ó bí i ti gbàgbé, ọmọ Íńdíà ń ṣe é fún ohun tí ó lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 pẹ̀lú, ọ̀gbẹ́ni Charles Ware, tí ó ní ilé àtúnṣe Morris Minor ní ìlú Bath, lọ bá àwọn ará Sri Lanka dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀hún láti máa ṣe ẹ̀yà ara Morris Minor. Ọmọ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ìjọba lé lórí rí wá ń ṣe páánù tí ará Gẹ̀ẹ́sì yóò fi tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ìmọ̀ kò ní ìran, kò sì ní àwọ̀. Ẹni tí ó bá gbà á tọ́jú ni í ṣe ọmọ fún.

Nígbà tí Íńdíà ń ṣe èyí, kí ni àwa ń ṣe? A ń rà ni. Àwọn ilé òwò ńlá bí U.A.C. ń kó ọkọ̀ wá, wọ́n ń kó ẹ̀yà ara wá, àwa sì ń sanwó. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà yí ìwakọ̀ padà láti ọwọ́ òsì ọ̀nà sí ọwọ́ ọ̀tún, ọkọ̀ Ìlú Ọba tí ìdarí rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún sì di ohun tí kò rọrùn láti wà mọ́. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot ní Kàdúná, wọ́n sì ń to Volkswagen ní Èkó. Ní 1986, nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀, iye náírà já wálẹ̀, owó tí ó ń ra odindi ẹ́ńjìnnì lánàá kò sì ra ju kabúrétọ̀ kan lọ. Morris àti Hillman di ilé adìyẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Sípánà tí ó bá nọ́ọ̀tì wọn mu, ínṣì ni a fi wọ̀n ọ́n. Ti Peugeot àti Toyota, mìlímítà ni. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ju sípánà àtijọ́ nù, wọ́n sì ju ohun tí wọ́n mọ̀ nù pẹ̀lú rẹ̀.

A kò dá wọn lẹ́bi. Ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn tọ́jú ohun tí kò pa owó wọlé. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ rí ohun kan níbẹ̀. Nígbà tí àwọn káfíńtà wa ń kan bọ̀dì bọ́lẹ̀kájà sórí Bedford, wọn kò dúró de Ìlú Ọba kí ó fi pákó ránṣẹ́. Apá tí a mọ̀ ọ́n ṣe kò wọ́n wa rí títí bọ́lẹ̀kájà fi kúrò lójú ọ̀nà. Apá tí a kò mọ̀ ọ́n ṣe ni ó dá wa dúró. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí a ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju èyí lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn tí kò gbà pẹ̀lú wa. Wọ́n ní ọkọ̀ àtijọ́ ń mu epo, ó ń yọ èéfín, kò ní ohun ààbò tí ọkọ̀ òde òní ní. Kí a jẹ́ kí ó lọ ní àlàáfíà. Òtítọ́ wà nínú èyí, àwa kò sì sọ pé kí gbogbo ayé padà sínú Morris Minor. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé pé gbogbo ọkọ̀ ni ó ń bọ̀ wá di ọkọ̀ àtijọ́. Ẹ dé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Agodi Gate ní Ìbàdàn lónìí, ẹ béèrè ẹ̀yà ara Toyota tòkunbọ̀. Kí ẹ tó pa ẹnu dé, ènìyàn mẹ́ta ti gbé e wá. Hillman náà kò ṣòro rí báyìí rí nígbà ayé tirẹ̀. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe Toyota náà yóò sọ pé òun kò ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ òde òní sì tún burú ní ọ̀nà kan, nítorí pé kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, òòlù alágbẹ̀dẹ kò sì tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Kí ni ṣíṣe? Fún àwọn tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ ní Ìlú Ọba, àti àwọn ọmọ wa tí ó wà láàárín wọn, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹ ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń tà, ẹ sì san iye tí ó tọ́. Ohun tí ó bá jẹ́ jákujàku, ẹ dá a padà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀, kí ẹni tí ó ṣe é lè gbọ́. Kí ẹgbẹ́ onímọ́tò kọ̀ọ̀kan máa dá owó jọ bí a ti ń dá èsúsú, kí wọ́n tó pa àṣẹ fún rọ́bà tàbí irin, kí ẹrù ìnáwó náà má baà wà lórí oníṣòwò kan ṣoṣo. Kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbàlagbà inú ilé ìkẹ́rù, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn olólùfẹ́ Rootes ti ṣe ohun tí ó dára: wọ́n ní ilé ìpamọ́ kan nítòsí Banbury, níbi tí a ti ń tọ́jú àwòrán iṣẹ́ Hillman, Humber àti Sunbeam. Ẹni tí ó bá ní àwòrán lọ́wọ́ lè tún ohun náà ṣe ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i.

Fún àwa tí a wà nílé, ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò yín bá dé, wọn yóò ṣe ìlérí pé àwọn yóò kó ọkọ̀ bọ́ọ̀sì wá fún ìlú. Ẹ má pàtẹ́wọ́ kíákíá. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni yóò máa ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀, níbo ni yóò ti máa ṣe é, àti pé àwọn ọmọ wa mélòó ni yóò kọ́ iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ tí a bá rà láìní ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí, ọdún díẹ̀ ni yóò lò kí koríko tó bò ó ní àgbàlá ìjọba.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni èyí tí ó pọ̀ jù wà. Ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ ọmọ bí a ti ń wọn nǹkan, bí a ti ń ya àwòrán rẹ̀, bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè kà á. Ní ìlú tí ẹ wà, mẹkáníìkì àgbà kan ń bẹ tí ó lè fi etí lásán mọ ohun tí ó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ẹ mú àwọn ọmọ kíláàsì yín lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi í léèrè, kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n ya ohun tí ó bá fi hàn wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan rò pé ẹni tí epo bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́n. Iṣẹ́ tí a bá ń fi ojú tín-ínrín wò, kò ní í rí ọmọ iṣẹ́. Iṣẹ́ tí kò bá sì ní ọmọ iṣẹ́, ìran kan péré ni ó kù fún un láyé.

Àwọn ilé ìtajà tí ń tì ní Birmingham àti Coventry kò tì nítorí pé ayé kò fẹ́ wọn mọ́. Wọ́n ń tì nítorí pé àwọn tí ó ń fẹ́ wọn rò pé wọn yóò wà títí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tọ́jú wọn. Ohun tí a kò bá fẹ́ kí ó bàjẹ́, ojú ni à ń mú tó o. Kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ mú ojú tó oníṣòwò rẹ̀, kí oníṣòwò mú ojú tó alágbẹ̀dẹ rẹ̀, kí alágbẹ̀dẹ sì mú ojú tó ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Níbi tí okùn náà bá ti já, ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò dúró sí.